Ẹsẹ̀ Olùdarí Àgbà Lórí Pẹ́dà

Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ sì ká ẹsẹ̀ yín sókè, nítorí omi wà nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, omi náà kò sì mọ́. Ọ̀rọ̀ gọ́tà ni. Bí ẹ bá jẹ́ irú ẹni tó máa ń yínmú bó bá gbọ́ orúkọ gọ́tà, a jẹ́ pé ẹ̀yin àti Ọ̀gá Tónítóní ì bá mọwọ́ ara yín gan-an. Ẹ kúkú pa ìwé dé. N kò ní bínú.

Tónítóní kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pè é lójú o, ta ló tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Lójú rẹ̀, Olùdarí Àgbà fún Omi Ìdọ̀tí, Omi Mímọ́, àti Ohunkóhun Tó Bá Ń Ṣàn Láàrín Ìlú ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí i láàárọ̀ gbọ́dọ̀ pe oyè yìí délẹ̀ kó tó béèrè bóyá ó sùn dáadáa. Òjíṣẹ́ kan wà tí àyà rẹ̀ já lọ́jọ́ kan, tó fo Omi Mímọ́ kọjá. Wọ́n ní kó jáde, kó ti ìlẹ̀kùn, kó tún wọlé wá kí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó wà nídìí gbogbo ètò yìí ni akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti mi orí sí gbogbo ohun tí ọ̀gá bá wí títí ọrùn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Bí ọ̀gá bá ní òjò ń rọ̀, akọ̀wé á ṣí agbòjò nínú ilé.

Nínú ọ́fíìsì Ọ̀gá Tónítóní, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ gọ́tà. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ń ba ahọ́n jẹ́. Ọ̀nà Ọlọ́lá Tí Omi Ń Gbà ni kí wọ́n máa wí. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sáré wá sọ pé gọ́tà ti kún, yóò kọ́kọ́ dúró, yóò to ọ̀rọ̀ pọ̀, yóò kí oyè délẹ̀, kó tó wá sọ pé Ọ̀nà Ọlọ́lá Tí Omi Ń Gbà kò gba omi mọ́. Nígbà tó bá fi sọ ọ́ tán, omi ti wọlé onílé. Kápẹ́ẹ̀tì funfun ni Ọ̀gá sì tẹ́ sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì náà. Àwọn tó ń la páìpù tó bá dí, tí iṣẹ́ wọn gan-an ló gbé ọ́fíìsì náà ró, ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀, òjò ìbáà máa pa wọ́n.

Kí àwọn ará ìlú má bàa gbàgbé ojú rẹ̀, ó tẹ àwòrán ara rẹ̀ sórí ọ̀rá líle, ó ní kí wọ́n so ó mọ́ gbogbo òpó iná. Ẹ̀rín ló ń rín nínú àwòrán náà, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ń ṣọ́ gbogbo wọn. Bí atẹ́gùn bá já a bọ́, wọ́n á so tuntun. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí àtijọ́ ń lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọ̀rá yìí síbẹ̀ ná.

Ṣé ẹ rò pé inú lọ́fínńdà ni wọ́n bí i sí? Ó tì o. Onígọ́tà ni bàbá tó bí i. Bàbá náà kò ní ìka méjì ní ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òun ló di okùn irin ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la páìpù mú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló tẹ ẹsẹ̀ mọ́ pẹ́dà tó ń mú okùn náà yí. Ẹnì kan ń kọjá lọ, ó kí ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ yíjú padà láti dá a lóhùn. Kí wọ́n tó kíra tán, okùn ti ká ìka méjì lọ. Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti sọ ọ́ dòfin nínú ilé rẹ̀ pé ẹni tó bá di okùn mú ni kó tẹ pẹ́dà, torí pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kò mọ ìgbà tí ọwọ́ ẹni ń ké. Ó bí ọmọkùnrin méjì, ó sì kọ́ àwọn méjèèjì. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n tẹ ẹ̀rọ tí kò bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

"Ọwọ́ ta ló wà lórí okùn?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Ẹsẹ̀ ta ló wà lórí pẹ́dà?"

"Ẹsẹ̀ mi ni."

"Ó yá, tẹ̀ ẹ́."

Àkọ́bí ló di Ọ̀gá Tónítóní. Ó kàwé, ó rí àga jókòó lé, ó sì gbàgbé ibi tó ti ń bọ̀. Èkejì kò kúrò nídìí páìpù. Abẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́, Àbúrò sì ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gbọ́dọ̀ sọ àbúrò ta ni. Kí ẹ má rò pé èèyàn pẹ̀lẹ́ ni Àbúrò o. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ó máa ń fọ́nnu, kò sì sí páìpù tó là rí tí gbogbo àdúgbò kì í gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ṣáà ni wọ́n.

Bàbá ti kú, ṣùgbọ́n ìyá wọn ṣì wà láyé. Ilé kékeré kan ló ń gbé, ní òpópónà tó rẹlẹ̀ jù nínú ìlú. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, páìpù ńlá abẹ́ òpópónà náà dí pa. Omi kọ́kọ́ wọ ilé ìdáná ìyá, ó tẹ̀ síwájú, ó dé yàrá. Ìyá to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń sùn sókè bí ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó ránṣẹ́ sí àkọ́bí rẹ̀.

Èsì tí àkọ́bí fi ránṣẹ́ padà ni pé kí ìyá òun fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi ń la páìpù ti dé, páìpù ìyá òun gan-an sì ni àwọn yóò fi ṣí ẹ̀rọ náà níwájú Alága ìlú, kí gbogbo ayé lè rí i bí òun ṣe fẹ́ràn ìyá òun tó. Ṣùgbọ́n Alága kò tíì ráyè. Títí Alága yóò fi ráyè, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan páìpù náà. Ó kó gbogbo ẹ̀rọ àtijọ́ tì mọ́ yàrá, ó ní kí tuntun má bàa ní orogún. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ. Omi ń wọlé ìyá, ọmọ ń dá ọjọ́ ayẹyẹ.

Wọ́n pe Àbúrò sí ojú fèrèsé pé kó wá ṣàlàyé ẹ̀rọ náà. Àgbá irin kan tó ní táyà ni. Okùn irin gígùn ni wọ́n ká sínú rẹ̀, mọ́tò ń yí àgbá, àgbá ń yí okùn, orí okùn á sì máa gbẹ́ ìdọ̀tí lọ nínú páìpù títí ẹsẹ̀ yóò fi kúrò lórí pẹ́dà. Inú Àbúrò dùn sí i, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ló rọ ọ́. Ó ní kí ẹ̀rọ sún mọ́ ẹnu páìpù débi tí ọwọ́ lè tó o, torí okùn tó bá gùn jù níta máa ń ya wèrè. Ó ní ibi gbígbẹ ni kí èèyàn dúró sí, kí wáyà iná má sì fẹnu kan omi. Ìbọ̀wọ́ awọ ni kí onítọ̀hún wọ̀, kì í ṣe ti aṣọ, torí bí okùn bá gbá aṣọ mú, tọwọ́tọwọ́ ni yóò gbé e lọ. Ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ máa fì lára rẹ̀, ìbáà ṣe táì, ìbáà ṣe ọ̀já. Paríparì rẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo.

Ọ̀gá Tónítóní fi áńkáṣíìfù bo imú. Ó béèrè bóyá ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí Olùdarí Àgbà lóṣòó létí ihò páìpù níwájú Alága. Akọ̀wé ní ọ̀rọ̀ náà nìkan ti fẹ́ mú òun dákú. Bí ìpàdé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì ṣe é títí tíì fi tutù nínú ife. Ìpinnu tí wọ́n gbé jáde rèé: ẹ̀rọ yóò wà lórí pèpéle lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá, jìnnà sí ihò, kí òórùn má bàa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ jà. Okùn yóò gba orí kápẹ́ẹ̀tì pupa lọ bá ihò. Wọn yóò fi àrán bo pẹ́dà, Ọ̀gá nìkan ni yóò sì tẹ̀ ẹ́. Àbúrò ni yóò lóṣòó létí ihò tí yóò di okùn mú, ìbọ̀wọ́ aṣọ funfun ni yóò sì wọ̀, torí ti awọ kò ní dára nínú fọ́tò.

Bí ẹ bá ń wá ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń gé ọwọ́ ọmọlọ́mọ, ẹ kò ní rí èyí tó pé ju ìpinnu yìí lọ.

Àbúrò gbé ọwọ́ ọ̀tún sójú fèrèsé, ó ká ìka méjì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìka bàbá wa ń kọ́?"

"Nínú ọ́fíìsì yìí, n kò ní bàbá," ni Ọ̀gá Tónítóní wí. "Oyè ni mo ní."

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá wá fi kún un pé bí Àbúrò kò bá fẹ́, kò burú, àwọn yóò gbé ayẹyẹ náà lọ sí òpópónà mìíràn, páìpù ìyá wọn yóò sì dúró dìgbà tí Alága bá tún ráyè. Ẹ̀rù ọwọ́ rẹ̀ ń ba Àbúrò. Ọwọ́ yẹn ló fi ń bọ́ ìyàwó, òun ló fi ń bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ó rántí ìyá tó ń sùn lórí búlọ́ọ̀kù, tó ń fi igi wọn omi wò kó tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láàárọ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ó ní òun gbà.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì. Wọ́n fi tìmùtìmù ṣe pẹ́dà lórí kápẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń gbé ẹsẹ̀, ó ń wo dígí. Akọ̀wé ní ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ní ọlá, ṣùgbọ́n ti òsì ló ní ìrẹ̀lẹ̀. Ọ̀gá ní kí ni òun fẹ́ fi ìrẹ̀lẹ̀ ṣe, ó mú ti ọ̀tún. Ó ra bàtà tuntun fún ẹsẹ̀ náà. Ti òsì kàn bá a wá ni, torí wọn kì í tà á ní ẹyọ kan. Akọ̀wé sì kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ pé bí ẹsẹ̀ ọ̀gá bá ti balẹ̀ lórí pẹ́dà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, kí wọ́n má sì dákẹ́ títí ẹsẹ̀ náà yóò fi gbéra.

Ọjọ́ pé, Alága ráyè. Wọ́n to àga sí òpópónà ìyá, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé máìkì kalẹ̀. Ọ̀já tí wọ́n kọ oyè rẹ̀ sí lára ni Ọ̀gá Tónítóní gbé kọ́ ejìká. Kí oyè náà lè gba ara ọ̀já láìgé, wọ́n ti rán an gùn débi pé ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó wọ́ nílẹ̀, Ohunkóhun Tó Bá Ń Ṣàn sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìyá wá láti ilé rẹ̀. Akọ̀wé wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tutù, ó ní kó lọ jókòó lẹ́yìn kó má bàa ba ilẹ̀ jẹ́.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni Ọ̀gá wí nínú máìkì, "kí n tó dé ipò yìí, omi kò mọ ibi tó ń lọ. Ó ń rìn kiri bí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Èmi ni mo pè é, èmi ni mo bá a wí, èmi ni mo fi ọ̀nà hàn án. Lónìí, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí omi kan nínú ìlú yìí tí kò bẹ̀rù mi."

Omi tí kò gbọ́ ìkéde náà ti ń rin etí kápẹ́ẹ̀tì bọ̀. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ títí Alága fi ń fi ìwé ètò ayẹyẹ fẹ́ ara rẹ̀. Àbúrò ti wà lóṣòó létí ihò látìgbà yẹn pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́. Nígbà tó rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n òun ti ń gbéra, ó ṣe ohun tí kò sí nínú ètò. Ó ké jáde pé ọwọ́ ta ló wà lórí okùn. Ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé ọwọ́ òun ni. Ó tún ké pé ẹsẹ̀ ta ló wà lórí pẹ́dà.

Mo gbọ́ pé ojú Ọ̀gá Tónítóní yí padà fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n máìkì wà lẹ́nu rẹ̀, Alága ń wò ó.

"Ẹsẹ̀ Olùdarí Àgbà fún Omi Ìdọ̀tí, Omi Mímọ́, àti Ohunkóhun Tó Bá Ń Ṣàn Láàrín Ìlú ni," ló wí, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Àtẹ́wọ́ sọ. Okùn wọ ihò díẹ̀, ó bá ohun tó dí páìpù pàdé, orí rẹ̀ há. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń yí lọ, kò sì mọ̀ pé orí okùn ti há. Gbogbo okùn tó gùn gbọọrọ lórí kápẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ra, ó ń ta bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Àbúrò ké pé kí ẹ̀gbọ́n òun gbé ẹsẹ̀ kúrò. Àwọn òṣìṣẹ́ rí ẹsẹ̀ lórí pẹ́dà, wọ́n pàtẹ́wọ́ sí i. Ó tún ké, àtẹ́wọ́ tún ròkè sí i. Onífọ́tò ní kí Ọ̀gá má mì, kí fọ́tò lè dúró dáadáa. Ọ̀gá kò mì. Okùn ti gbá ìbọ̀wọ́ aṣọ mú.

Bí okùn ṣe ń lọ́ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó dé ibi tí ìdí ọ̀já wọ́ sí, ó ká a. Ọ̀gá rí i pé nǹkan ń fa òun lẹ́yìn. Ó rò pé ẹni tó fẹ́ bá òun ya fọ́tò ni, ó fi ẹ̀rín yíjú padà. Ìgbà tó rí ohun tó ń fà á, ẹ̀rù bà á débi pé dípò kí ẹsẹ̀ ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀, ńṣe ni ti òsì náà sáré lọ bá a lórí pẹ́dà. Ó dúró lé e tẹsẹ̀ méjèèjì. Akọ̀wé ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni ń pa ẹ̀fọn.

Nínú gbogbo ariwo yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé igbe ni Àbúrò ń ké. Ìyá dìde láti ẹ̀yìn, ó gba àárín àga kọjá, ó fi ẹsẹ̀ tútù gun kápẹ́ẹ̀tì, ó gun pèpéle. Kò kí oyè kankan.

"Ọmọ onígọ́tà," ló wí, "gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ọwọ́ àbúrò rẹ."

Ó tì í. Máìkì ṣì wà ní títàn, kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ, láti orí Alága títí dé orí onífọ́tò. Ọ̀gá Tónítóní ṣubú, ọ̀já fà á yí gbirigbiri mọ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó sì balẹ̀ sínú omi tó ní ó ń bẹ̀rù òun. Ẹ̀rọ dúró.

Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí fẹ́ràn ẹ̀rín, ẹ ti rí i bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè rẹ́rìn-ín níbi yìí. Dókítà gba ọwọ́ Àbúrò là. Kò rí ìka ọmọńdinrín gbà là.

Sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi já Ọ̀gá kúrò nínú ọ̀já, Alága sì ní kí wọ́n má wulẹ̀ rán ọ̀já náà pọ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni oyè ti bọ́. Kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó pọ́n, fọ́tò rẹ̀ nínú kápẹ́ẹ̀tì ti kárí ìlú, akọ̀wé sì ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ti ń kìlọ̀ fún un láti ọjọ́ pípẹ́. Orí tó ń mì sí i tẹ́lẹ̀, ó ti ń mì ín sí Alága.

Ṣùgbọ́n páìpù ṣì dí. Kò sí òṣìṣẹ́ tó fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́, omi ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá. Ìyá ránṣẹ́ sí àkọ́bí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò bú u. Ó kàn ní omi ṣì wà nínú ilé òun, ọwọ́ Àbúrò tí òun ì bá sì bẹ̀, ó mọ ohun tó ṣe é.

Tónítóní wá, ó bọ́ bàtà tuntun sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mú ìbọ̀wọ́ awọ bàbá wọn jáde. Nígbà ayé bàbá, ìyá ti rán ìka méjì pa lára ti ọwọ́ ọ̀tún, kó má bàa máa fì. Ó jókòó, ó fi ẹnu sísọ́ọ̀sì tú òwú ìránṣọ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ọwọ́ àkọ́bí rẹ̀ lè wọ̀ ọ́, torí ìka tirẹ̀ pé. Lẹ́yìn náà ló fa ìbọ̀wọ́ awọ Àbúrò mọ́ra, ó sì fi òwú kan náà rán ìka ọmọńdinrín pa lára rẹ̀. Tónítóní ń wò ó. Ojú tì í débi pé ó sunkún, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ihò débi tí ọwọ́ lè tó o. Wọ́n tẹ́ pákó gbígbẹ, Tónítóní ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó lóṣòó. Gbogbo àdúgbò jáde wá wò ó. Àbúrò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé.

"Ọwọ́ ta ló wà lórí okùn?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Ẹsẹ̀ ta ló wà lórí pẹ́dà?"

Ẹnu Tónítóní là bí ẹni tó fẹ́ pe ọ̀rọ̀ gígùn kan. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pẹ́dà.

"Ẹsẹ̀ mi ni."

"Ó yá, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń gbé ẹsẹ̀. Bí okùn bá le lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti mọ̀, á gbéra. Ó ṣe é títí òógùn fi bò ó, kó tó fa ohun tó dí páìpù jáde. Ọ̀rá líle ni. Ó tún fà, ọ̀rá ni. Ó ń fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, àwòrán ojú kan náà ló wà lára gbogbo wọn, gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò tó lẹ́nu bí abẹ wò wọ́n, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ tó dá tò wọ́n jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò.

Omi rọ́ lọ. Láti inú ilé ìdáná, ìyá ké sí wọn pé omi ti ń fà o, pé kí ló wá dí gọ́tà náà pa láti ọjọ́ yìí.

Tónítóní di ọ̀rá náà mú nínú ìbọ̀wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì nu ìdọ̀tí kúrò lójú àwòrán náà.

"Èmi ni, màmá," ló wí.